Wọ́n ti fòfin de takeaway fómù l'Ékòó: ta ló ń sanwó ẹ̀, ta ló ń jèrè ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìrẹsì ni màmá mi ń tà ní Mushin. Látìgbà tí ìjọba Èkó ti ní ká má lo takeaway fómù mọ́ ní January 2024, owó abọ́ ti gbówó lórí, àwọn kọ́sítọ́mà sì ń kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣírò òfin, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé èrè òfin kan ju ìnira ẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá o, ẹ ní mo ní wọ́n kú ọjà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi wá léyìí, wọ́n kàn máa ń bú wa ni.

Ẹ wò ó, owó tí màmá ń san, ojoojúmọ́ ló ń hàn lápò wọn. Ẹ jẹ́ ká ní abọ́ tuntun fi ₦100 wọ́n ju fómù lọ, tí wọ́n ń ta abọ́ 60 lójúmọ́, ₦6,000 ti lọ nìyẹn. Èrè ẹ̀ ńkọ́? Fómù máa ń dí gọ́tà, omi á wá ya wọlé. Èrè pé kò dí mọ́ fọ́n káàkiri ni, díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí omi ò wọ yàrá ẹ̀ mọ́, díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí dánfó ẹ̀ ò kú sínú omi, kò sì sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ tó ń dúpẹ́ pé gọ́tà ò kún.

Fómù yẹn ní wàhálà tiẹ̀. Ike omi, àwọn tó ń ṣa á ń rí i tà, àmọ́ fómù fúyẹ́ jù, àpò kan ẹ̀ ò lè wọn nǹkan kan lórí òṣùwọ̀n, ta ló fẹ́ ṣa á? Mo dúró ti àwọn tó ń kó gọ́tà lẹ́yìn òjò kan, bí ṣọ́bìrì ṣe bà á báyìí ló fọ́n ká bíi gúgúrú, omi gbé e lọ sọ́nà ọ̀sà lójú wa. Owó iṣẹ́ àwọn yẹn ò sí nínú iye tí wọ́n ń ta fómù, gbogbo wa la jọ ń san án.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń daru ni pé àwọn èèyàn ń fi 2024 wé 2023. Ẹ rántí pé 2023 ni owó ìrànwọ́ epo lọ, náírà náà já wálẹ̀, gbogbo nǹkan ló wọ́n. Ohun tó yẹ ká bi ni pé, ká ní òfin ò sí, èló ni abọ́ ì bá jẹ́ lónìí? Ìyàtọ̀ yẹn nìkan ni ti òfin. Tí wọ́n bá sì ti fi ọ̀rá pẹlẹbẹ rọ́pò fómù, a ti náwó, gọ́tà á sì tún máa dí. Wọ́n wá mú ọ̀rá pẹlẹbẹ àti straw mọ́ òfin náà ní July 2025.

Ní Ireland, wọn ò fòfin de ọ̀rá rárá, 2002 ni wọ́n ní kí oníbàárà fúnra ẹ̀ san 15 cent lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye táwọn èèyàn ń lò sì já wálẹ̀ ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Èmi fẹ́ràn ìyẹn jù, torí kì í ṣe olóńjẹ nìkan ló gbé ẹrù yẹn.

Fún màmá, kí wọ́n yọ owó abọ́ kúrò lára owó oúnjẹ, kí kọ́sítọ́mà rí i lọ́tọ̀, ẹni tó bá gbé kúlà ẹ̀ wá ò ní san án. Tó bá jẹ́ ọ̀fadà, gbódògì ṣì wà lọ́jà. Kí wọ́n kọ iye abọ́ tó ń lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká wá jọ ṣírò ẹ̀.