Yẹ́lò lórí TCBS kò tíì di kọ́lẹ́rà

Àbúrò mi, o ní edé tí o rà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, hu nǹkan yẹ́lò lórí TCBS (ágà, oúnjẹ dídì tí a fi ń hu àwọn kòkòrò Vibrio), o sì fẹ́ kọ Vibrio cholerae, kòkòrò tó ń fa kọ́lẹ́rà, sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. Má tíì kọ ọ́. Yẹ́lò kàn ń sọ pé kòkòrò náà ń jẹ ṣúgà tó wà nínú ágà ni. Àwọn Vibrio mìíràn, V. alginolyticus àti V. fluvialis, náà ń jẹ ẹ́. V. parahaemolyticus ló sábà máa ń mú àwọ̀ ewé. Edé sì rèé, láti etí òkun ló ti ń wá, alginolyticus ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Iyọ̀ ni kó o fi yà wọ́n. Po omi peptone (omi oúnjẹ kòkòrò) sí ìgò mẹ́rin: iyọ̀ 0%, 3%, 8%, 10%. Ibi tó ń dà iṣẹ́ rú nìyí: ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun omi peptone tí wọ́n ń tà ti ní iyọ̀ gíráàmù 5 nínú lítà kan, nítorí náà 0% rẹ kì í ṣe 0% rárá. Ra peptone lásán, gíráàmù 10 sí lítà kan, kó o fúnra rẹ wọn iyọ̀ sí i. Kòkòrò díẹ̀ ni kó o fi sí i. Tó bá pọ̀ jù, omi á ti dàrú kó tó hù. 37°C, di ọjọ́ kejì. Èyí tó hù ní 0%, cholerae ló ṣeé ṣe (V. mimicus náà ń hù níbẹ̀, àmọ́ àwọ̀ ewé ni tirẹ̀ lórí TCBS). Èyí tó kọ̀ ní 0% tó sì hù ní 10%, alginolyticus ni. Parahaemolyticus ń dé 8%, ó kọ̀ ní 10%.

Má ṣe ìdánwò oxidase (èyí tó ń wo èròjà oxidase lára kòkòrò) láti orí TCBS, irọ́ ló máa pa fún ọ. Gbé e sí nutrient ágà oníyọ̀ 1% ná, má sì fi wáyà nichrome mú un fún ìdánwò náà. TCBS fúnra rẹ̀, síse ni, kì í wọ autoclave (ìkòkò ooru àti ìfúnpá gíga).

Ti orúkọ: Pacini ló sọ ọ́ ní Vibrio ní 1854, ìdílé Vibrionaceae. Wọ́n ti gbé Vibrio fischeri lọ sí ìsọ̀rí Aliivibrio ní 2007, nítorí náà wo ọdún ìwé tí o ń kà. Kíka jíìnì 16S nìkan kò tó láti yà wọ́n, wọ́n jọra jù. Fi jíìnì gyrB tàbí pyrH kún un.

Má gbé àwo TCBS náà sínú fíríìjì o. Yẹ́lò lè yí sí àwọ̀ ewé níbẹ̀, kòkòrò náà sì lè kú. Kà á láàárín wákàtí 18 sí 24.