Kí ẹ tó tẹ S nínú timeline Blender, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀pá búlúù dúró sí

Ohun tí ẹ béèrè ni pé ẹ ti há shortcut Blender (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán 3D tó ń rìn) bí ogójì sórí, síbẹ̀ iṣẹ́ keyframe (àmì tó ń sọ ibi tí nǹkan gbọ́dọ̀ wà ní àkókò kan) ò yá, torí pé lẹ́tà tó ṣe nǹkan kan lánàá ń ṣe nǹkan mìíràn lónìí. Kì í ṣe orí yín ló kú. Nínú Blender, lẹ́tà kan ṣoṣo lè jíṣẹ́ mẹ́ta. Ibi tí mọ́úsì wà ló ń sọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ibi tí ọ̀pá búlúù wà, ìyẹn ìlà tó ń fi fíréèmù tí ẹ wà hàn, ló ń sọ bí yóò ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti mọ́úsì kúrò nílẹ̀. Fèrèsé tí ẹ tẹ̀ gbẹ̀yìn kò kan Blender. Èyí tí ọfà mọ́úsì wà lórí rẹ̀ báyìí ló ń gbọ́ràn. Tí ọfà bá wà lórí Dope Sheet (fèrèsé tí àwọn keyframe tò sí), X á pa keyframe rẹ́. Tó bá ti yọ̀ gòkè díẹ̀ bọ́ sínú 3D Viewport (fèrèsé tí àwòrán fúnra rẹ̀ wà), X kan náà á pa odidi ohun tí ẹ ń mú rìn rẹ́, G á sì gbé e kúrò ní ààyè rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé kí Auto Keying wà ní títàn (bọ́tìnnì róbótó tó wà nítòsí bọ́tìnnì play, tó ń fi keyframe sílẹ̀ fúnra rẹ̀). G tó ṣìnà yẹn á di keyframe tuntun, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ọwọ́ ẹni inú àwòrán yóò fi máa fò sókè láìnídìí. Nítorí náà, ẹ gbé ọfà sórí Dope Sheet, ẹ tẹ Ctrl+Space kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe iṣẹ́ yín tán, kí ẹ tún tẹ Ctrl+Space láti padà.

Ti ìrìn kò pọ̀. Space ń mú àwòrán ṣeré, ó sì ń dá a dúró síbi tó dé. Esc ń dá a dúró, á sì dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọfà òsì àti ọ̀tún jẹ́ fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Ọfà òkè ń fò sí keyframe tó kàn, ti ìsàlẹ̀ ń padà sí èyí tó kọjá. Shift pẹ̀lú ọfà òsì ń gbé yín lọ sí fíréèmù àkọ́kọ́. Tí ọfà òkè bá kọ̀ tí kò fò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò yan ohunkóhun: keyframe ohun tí ẹ bá yàn nìkan ló ń wá.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni G (gbé keyframe), S (fà wọ́n jìnnà tàbí sún wọn pọ̀), E (sún àwọn tó wà lápá kan) àti Shift+D (ṣe ẹ̀dà), ó sì dùn jù nígbà tí ẹ bá ń tẹ nọ́ńbà tẹ̀ lé wọn dípò kí ẹ máa fi mọ́úsì wọ́ keyframe. Ẹ jẹ́ ká gún iyán. Ní fíréèmù 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọmọ odó wà lókè ní fíréèmù 1, ó kan ìdí odó ní 7, ó sinmi síbẹ̀ títí di 9, ó padà sókè ní 17. Ẹ yan 7, 9 àti 17 (1 kò sí níbẹ̀), ẹ tẹ Shift+D, ẹ tẹ 16, ẹ tẹ Enter. Ẹ̀dà wọn á bọ́ sí 23, 25 àti 33. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: 39, 41, 49. Ìgúnlé mẹ́ta nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì, mọ́úsì ò sì wọ́ nǹkan kan.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín wá ní ó yára jù. Ẹ tẹ Shift pẹ̀lú ọfà òsì kí ọ̀pá búlúù wà ní 1, ẹ tẹ A kí ẹ yan gbogbo keyframe, ẹ tẹ S, 1.5, Enter. 7 á di 10, 9 á di 13, 17 á di 25, 49 á di 73: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta géérégé. S máa ń fa keyframe jìnnà sí ọ̀pá búlúù ni. Ká ní ọ̀pá ti wà ní 25 nígbà tí ẹ tẹ S 1.5, keyframe tó wà ní 1 ì bá ti lọ sí -11, ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán, ẹ ò sì ní rí i mọ́ àfi tí ẹ bá tẹ Home kí gbogbo keyframe hàn.

Nọ́ńbà tí ẹ yàn náà ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ 1.25 lẹ tẹ̀, 7 á bọ́ sí 8.5 tí snap (ohun tó ń mú keyframe dúró sórí odidi fíréèmù) bá wà ní pípa. Ìdajì fíréèmù kì í pariwo. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí 9 láti tún ìdúró ọmọ odó ṣe, tí ẹ tẹ I, lẹ máa rí i pé keyframe méjì ti há mọ́ra wọn, tí ọmọ odó sì ń gbọ̀n nínú odó. Lẹ́yìn S tí nọ́ńbà rẹ̀ ní pọ́ìntì bíi 1.25, ẹ máa tẹ Shift+S, kí ẹ mú Selection to Nearest Frame. Mi ò mọ ìdí tí a fi máa ń fo èyí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ.

E ni wọn kì í sábà kọ́ wa, òun sì lọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà àkọ́kọ́, ṣáájú S. Ẹ fẹ́ kí obìnrin tó ń gúnyán náà sinmi fíréèmù mẹ́jọ kó tó gún ìkẹta. Ọ̀pá búlúù sí 36, A, ọfà mọ́úsì sí apá ọ̀tún ọ̀pá, E, 8, Enter. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún nìkan ló máa sún: 39 di 47, 41 di 49, 49 di 57. Tí ọfà bá wà lápá òsì, tòsì ló máa sún. Àmọ́ ẹ mú un ṣeré, ẹ ó rí i pé kò sinmi rárá. Ọmọ odó ń rọra bọ̀ láti 33 títí dé 47 bí ẹni pé inú omi ló wà, torí pé àyè tí ẹ fi sí i ti di ara ìbọ̀wálẹ̀ rẹ̀. Ẹ yan keyframe 33, Shift+D, 8, Enter. Báyìí ó dúró lókè láti 33 dé 41, ó wá já wálẹ̀ ní fíréèmù mẹ́fà bíi tàtẹ̀yìnwá.

Tí ọmọ odó bá ń wọ inú ìdí odó láàárín 7 sí 9, handle (apá kékeré tó ń tẹ ìlà ìrìn) ló fà á. Ẹ yan méjèèjì, ẹ tẹ V, kí ẹ mú Auto Clamped. Tí ìgúnlé ò bá sì ní agbára, tó ń rọra kan odó bí ìgbà tí ẹyẹ bà, Bezier, ìrìn tó ń rọra bẹ̀rẹ̀ tó sì ń rọra parí, ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn. Gbogbo ayé máa ń lọ yan 7 láti tún un ṣe. Ibẹ̀ kọ́. Keyframe tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ ló ń pàṣẹ títí dé èyí tó kàn, nítorí náà àwọn ti òkè lẹ máa yàn: 1, 17, àti 41 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Ẹ tẹ T, ẹ mú Quadratic. Ẹ tẹ Ctrl+E, ẹ mú Ease In. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì fi gbogbo ipá balẹ̀. Ctrl+Tab lórí Dope Sheet á gbé yín lọ sí Graph Editor, tó ń fi ìrìn hàn bí ìlà, kí ẹ fojú rí ìyàtọ̀ náà.

Kí ẹ tó tẹ A níbikíbi, ẹ wo àmì ọfà kékeré tó wà lórí Dope Sheet, Only Show Selected. Tó bá wà ní pípa, A á yan keyframe gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán, S 1.5 yín á sì fa bí obìnrin náà ṣe ń ṣẹ́jú, ewé tó ń mì lẹ́yìn ilé àti kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ọmọ odó.

Àwọn tó ń lo fídíò ìkọ́ni àtijọ́: ṣáájú 2.8, tó jáde ní 2019, Alt+A ló ń mú un ṣeré. Nísinsìnyí, Alt+A ń tú àyàn sílẹ̀ ni. Láti 4.1 ní 2024, I nínú 3D Viewport kì í ṣí àkójọ mọ́. Ó ń fi keyframe sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, K ló ń ṣí àkójọ. Ẹni tó sì ń bọ̀ láti After Effects (ètò fídíò mìíràn), ẹ gbàgbé ] tibẹ̀ tó ń gbé layer. Nínú Dope Sheet, ] ń yan gbogbo keyframe tó wà níwájú ọ̀pá búlúù ni.

Tí kọ̀ǹpútà yín bá lọ́ra, ẹ má fi Play Every Frame dájọ́ bóyá ìgúnlé yá tàbí kò yá, torí pé á mú ohun gbogbo falẹ̀. Nínú Playback, ẹ mú Frame Dropping, tàbí Sync to Audio tí ìró bá wà. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ P, kí ẹ fa àpótí yí ibi tí ẹ ń ṣe ká, kó máa ṣeré níbẹ̀ nìkan. Alt+P ń yọ ọ́ kúrò. Kì í kan render, ìyẹn àwòrán tí ẹ ó gbé jáde níkẹyìn. Tí orin bá ń dún lọ́wọ́, ẹ máa tẹ M ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún, marker (àmì) á dúró síbẹ̀, ẹ ó sì mọ ibi tí ọmọ odó gbọ́dọ̀ balẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí kò ní nọ́ńbà lápá ọ̀tún: Edit, Preferences, Input, Emulate Numpad. Ẹni tó sì ti fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí Windows rẹ̀ láti máa kọ àmì ohùn, tí [ àti ] bá ṣàdédé ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Alt+Shift tí ọwọ́ yín ṣèèṣì tẹ̀ ti lè yí èdè padà. Windows+Space á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì.