Ta Ló Yẹ Kó Kó Tẹlifíṣàn Tó Ti Kú?

Ìbéèrè yín lórí ẹ̀rọ inú ilé. Ẹni tó ń dáhùn: àgbà atúnrédíòṣe kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ní ní Abẹ́òkúta. Yàrá kan níbẹ̀ ti kún fún kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bátìrì ínfátà àti àwọn tẹlifíṣàn àtijọ́ tó yọ ẹ̀yìn gọngọ. Àwọn ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kiri ti dá owó lé gbogbo rẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gbà. Àmọ́ ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní èyí ò bófin mu, pé òfin rẹ̀ wà ní Nàìjíríà níbí náà. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe sí i? *Ìyá oníléèwé, Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Láti 2011 la ti ní òfin lórí ẹ̀rọ tó ń lo iná, lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́. Ní 2022 wọ́n tún òfin náà ṣe. Ó ka sísun ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ léèwọ̀, ó ka kíkó òkú ẹ̀rọ wọ orílẹ̀-èdè yìí léèwọ̀. Ohun tó wù mí kí gbogbo èèyàn mọ̀ nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe orí ẹ̀yin tẹ́ ẹ lò ó ni wọ́n gbé ẹrù tó wúwo jù lé. Orí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni, tàbí ẹni tó kó o wọlé tó tà á. Òun ló gbọ́dọ̀ sanwó tí wọ́n á fi kó o nílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú, tí wọ́n á fi tú u, tí wọ́n á fi yọ májèlé inú rẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Láti 2018 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ EPRON ti wà, tó ń gba owó yìí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, tó sì ń bá àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti kó ẹ̀rọ àti láti tú u ṣiṣẹ́.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló wá wà nínú ẹ̀rọ tó ti kú tí wọ́n fi ń ṣòfin lé e lórí. Iṣẹ́ mi ni títú u, màá sọ fún yín. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣàn àtijọ́ yẹn, ó lè tó kílò méjì nínú ẹyọ kan. Wọ́n fi síbẹ̀ kí ìtànṣán inú rẹ̀ má baà jáde lu ẹni tó ń wò ó, bí gíláàsì ò bá sì fọ́, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kò wá gíláàsì wá. Bàbà tó wé mọ́ ọrùn rẹ̀ ló ń wá. Á fi òkúta fọ́ ọ, á yọ bàbà, á sì fi ìyókù sílẹ̀ níbi tó bá a dé. Tó bá kan wáyà, iná ló máa dá sí i kí rọ́bà ara rẹ̀ lè yọ́ kúrò, èéfín dúdú tó ń ti ibẹ̀ jáde sì jẹ́ májèlé tí kì í tètè kúrò nínú ara, kì í sì í tètè kúrò nínú ilẹ̀. Omi kíkan inú bátìrì ínfátà, inú gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí kí wọ́n tó gbé òjé rẹ̀ lọ yọ́.

Ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́ jù, ọpọlọ ló sì ń mú. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí bó ṣe lè kéré tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè ní kò léwu. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ibi ìwakùsà nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fa ọmọ lé lọ́wọ́ láràárọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju èmi lọ.

Ní ti yàrá yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ohunkóhun nínú ọgbà iléèwé. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó mọṣẹ́ kó yẹ àwọn kọ̀ǹpútà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí nínú òkìtì bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ pé páwà-sọ̀pùláì rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń gba iná sí, nìkan ló kú kì í wọ́n. Èyí tó bá jí, ẹ dá a padà sí kíláàsì. Kó yọ hard disk àwọn tó kù, kó nu àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má sì gbìyànjú láti cháàjì rẹ̀. Inú iyanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, jìnnà sí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ NESREA tàbí EPRON ta ni ó ní ìwé àṣẹ láti kó o lágbègbè yín. Ẹrù kékeré kì í sábà tó owó epo ọkọ̀ wọn, nítorí náà ẹ bá àwọn oníléèwé àdúgbò sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ jọ kó o pọ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó sọ iye ohun tí wọ́n gbé àti ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Ó ṣeé ṣe kí owó tẹ́ ẹ máa rí má tó ti ọmọ oníkẹ̀kẹ́, ibi tó sì ń dùn mí nìyẹn. Ọmọ yẹn ló dé ẹnu ọ̀nà yín, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní kẹ́ ẹ wá bu ọwọ́ lu ìwé kankan. Mi ò bá a wí. Ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni, òun ló sì ń fa èéfín yẹn símú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Bí ìjọba bá gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, tí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ò dé ọwọ́ ọmọ yìí, iná ò ní kú. Kí wọ́n ra wáyà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsun, ní iye tí kò ní jẹ́ kó wá ìṣáná mọ́. Òfin tí Gánà ṣe ní 2016 ní kí ẹni tó ń kó ẹ̀rọ wọlé san owó sínú àpò kan, wọ́n sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Accra pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti Jámánì, tó ń ra wáyà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa á kiri kí wọ́n má baà dáná sun ún. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí ní Alábà, ní Ìkẹjà, àti nítòsí iléèwé yín ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ọ̀gá NESREA àti EPRON, ẹ jọ̀wọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi owó náà sí.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, mo kí yín o. Computer Village, Ìkẹjà, ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí n ṣe fíríìdọ̀mù. Wọ́n ní òfin tuntun kan ti jáde lókè òkun tó máa fòpin sí tòkunbọ̀. Ṣé iṣẹ́ wa ni wọ́n fẹ́ pa ni? *Ọmọ iṣẹ́, Ìkẹjà*

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń lé. Òkú tí wọ́n wọ̀ láṣọ alààyè ni wọ́n ń lé.

Àdéhùn Basel ti 1989 lo gbọ́ nípa rẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí kíkó pàǹtírí olóró kọjá ẹnubodè. Gánà àti Switzerland ló dá a lábàá kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbà á ní 2022, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Láti ọjọ́ yẹn, òkú ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìjẹ́ pé ìjọba ibi tó ń lọ ti fọwọ́ sí i ṣáájú, ì báà ní májèlé, ì báà má ní. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ní 1988, ará Ítálì kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù májèlé wá sí Koko, tó wà ní Bendel nígbà náà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin kan tí wọ́n ń fún ní owó háyà táṣẹ́rẹ́. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣòfin pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá tún dán an wò.

Ẹ̀rọ kì í wá nínú dúrọ́ọ̀mù, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í ká a. Àwọn olùwádìí tó dúró ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, bí ìdá 70 nínú 100 sì wà nínú mọ́tò tòkunbọ̀, tí wọ́n rọ́ sínú búùtù àti sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Wo èyí náà: Greenpeace, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, àti ilé ìròyìn Sky News mú tẹlifíṣàn kan tí àtúnṣe ò lè ràn, wọ́n fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e fún àwọn tó ń gba ẹ̀rọ àlòkù ní Hampshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjà Alábà ni wọ́n ti wá bá a. Ìròyìn náà jáde ní 2009, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí wọ́n tú irú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ti wà nígbà náà.

Nítorí náà, má ra ẹrù tí wọn ò jẹ́ kó o tan wò. Ẹni tó bá ní o ò lè dán an wò ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Nígbà tó o bá ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, ṣètò ibì kan fún òkú pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, fi sukurudiráfà tú u, kó o sì gbé e lódindi fún ẹni tó níwèé àṣẹ. Ọwọ́ ẹni tó mọ títú ni òfin yìí nílò jù, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bíi tiyín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ní Peckham ni mo wà. Mò ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Iléṣà. Ṣé mo lè kó fíríìjì àti tẹlifíṣàn sínú rẹ̀ fún màmá mi? *Ọmọ Iléṣà*

ÌDÁHÙN: Bí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dán wọn wò, kó kọ ìwé lé e, kẹ́ ẹ dì wọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé ẹrù yín. Bí fíríìjì náà ò bá tutù mọ́, ẹ má gbé e wá o. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ta tuntun fún yín gbọ́dọ̀ ṣètò bí wọ́n ṣe máa gba ògbólógbòó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Kẹ́ ẹ wá fi owó tẹ́ ẹ bá fi gbé e sọdá òkun ra kékeré tuntun fún màmá ní Iléṣà.