Ilé Ajah tí mo fẹ́ rà fi gba owó ilé: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá omi ń wọ ibẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London. Wọ́n fi ilé alájà kan tó ní fúláàtì mẹ́rin lọ̀ mí ní Ajah, níhà ọ̀sà. Mo fẹ́ rà á kí n máa gba owó ilé. Ájẹ́ǹtì ní omi ò wọ ibẹ̀ rí. Àbúrò mi lọ wò ó ní oṣù Kejì, ó ní gbogbo ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ṣé kí n san owó?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san án, mà. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Kejì. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín padà lọ ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, kó sì débẹ̀ kí òjò tó dá. Bí ẹ ò bá bá ìyẹn, òjò ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá.

Ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wádìí ni ibi tí gọ́tà àdúgbò náà ń da omi sí. Àárín òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ Lẹ́kí títí dé Ajah wà, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Gọ́tà ń ṣàn sí kánà, ìyẹn gọ́tà ńlá tó ń kó omi àdúgbò jọ, kánà ń ṣàn sí ọ̀sà. Bí òkun bá ru, tí ọ̀sà kún, omi kánà ò ríbi gbà lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí òjò fi lè dá láàárọ̀ tí omi ṣì wà lójú títì lọ́sàn-án. Òkun sì máa ń ru jù nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá di àranmọ́jú. Bí òjò ńlá bá bọ́ sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí àbúrò yín lọ wo ilé.

Kó wo ara fẹ́ǹsì: ṣé omi ti fa ìlà síbẹ̀, àbí ọ̀dà tuntun kan wà tó dé orúnkún péré? Kó wo bí wọ́n ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ ga tó; bó bá ga jù, ó lè jẹ́ pé omi ni wọ́n ń sá fún. Kó bi mẹ́gáàdì àti ìyá olóúnjẹ ìkóríta léèrè, kó sì bi ayálégbé ìsàlẹ̀ bóyá ilé ìyàgbẹ́ wọn ń ṣàn dáadáa nígbà òjò. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò jìnnà níbẹ̀ rárá; bó bá gòkè, sọ́kàwéè á kún, ìdọ̀tí á máa padà wọlé.

Mo ti yẹ ilé kan wò rí níhà ibẹ̀ tí onílé ti fi yanrìn gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga. Inú ọgbà gbẹ lóòótọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà kún dé ìtan. Àwọn ayálégbé tí ò lè gbé ọkọ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́ kó kúrò níkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, láti ẹnu géètì títí dé títì ńlá ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ òfìfo bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ẹ rántí pé ẹni tó bá rà á lè gbé tirẹ̀ ga ju tiyín lọ, kí omi rẹ̀ wá máa dà sọ́dọ̀ yín.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ojú ọ̀nà kánà. Ní 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé tó wà lójú ọ̀nà kánà méjì tí ìjọba ń pè ní System 156 àti 157 níhà Ikota, láàárín Lẹ́kí àti Ajah. Ẹ gba ìwé sọ́fè ilé náà, kí ẹ fún sọ́féyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, kó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì sọ́féyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kó sì dé ọ́fíìsì tó ń rí sí gọ́tà. Bó bá bọ́ sójú ọ̀nà omi, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó dára tó.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, ẹ ṣírò owó ilé bí ẹni pé fúláàtì méjì ìsàlẹ̀ máa ṣófo lọ́dún kan nínú mẹ́ta. Bí owó tó kù bá ṣì tó yín, ẹ lè rà á. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe insọ́ránsì, ẹ rí i pé wọ́n kọ omíyalé sínú ìwé náà ní tààrà, torí insọ́ránsì iná nìkan lè má kó o mọ́ra.