Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilé Windsor ní Mississippi, báwo ló sì ṣe rí tẹ́lẹ̀?

Iná ló jó ilé Windsor lọ́jọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1890. Òpó 23 ló ṣì dúró ní pípé nítòsí ìlú Port Gibson. Ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé sìgá tí àlejò kan jù sílẹ̀ ló dá iná náà sílẹ̀.

Smith Coffee Daniell II, olóko òwú, ló ni ín. Láti 1859 sí 1861 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ẹrú adúláwọ̀ ló sun bíríkì rẹ̀, iṣẹ́ oko tí wọ́n ń fipá mú wọn ṣe ló sì mú owó ilé náà wá. Ó yẹ kéèyàn rántí wọn kó tó yin ẹwà rẹ̀. Daniell kú lẹ́ni ọdún 34, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tílé parí.

Òpó 29 ló yí ilé náà ká. Bíríkì ni wọ́n fi mọ wọ́n, wọ́n rẹ́ ara wọn dáadáa, wọ́n sì fi irin tí wọ́n ṣe ọnà ewé sí dé orí wọn. Táńkì kan lókè àjà ló ń pín omi sí balùwẹ̀ inú ilé, èyí tó ṣọ̀wọ́n láyé ìgbà náà.

Àwòrán tí Henry Otis Dwight, ọmọ ogun Àríwá nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ yà ní 1863 ló jẹ́ ká mọ bílé náà ṣe rí. Ọdún 1991 ni wọ́n tó rí àwòrán náà. Àtẹ̀gùn irin Windsor kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà Oakland Chapel ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Alcorn.