Kí ló dé tá a fi ń sọ pé a "gbọ́" òórùn?

Ẹnì kan ló béèrè pé kí ló dé tí Yorùbá fi ń sọ pé "mo gbọ́ òórùn irú", ṣé etí la fi ń gbọ́ irú ni, àbí ọ̀rọ̀ ló tán nínú èdè wa. Ẹ má tíì bú èdè wa o. "Gbọ́" ò fìgbà kan jẹ́ ti etí nìkan. Tẹ́nì kan bá ní òun gbọ́ Faransé, kì í ṣe pé ariwo Faransé ń wọ òun létí ló ń sọ, ó ní ó yé òun ni. Ọmọ tó gbọ́ràn náà ńkọ́? Lójú tèmi, gbọ́ ni pé nǹkan wá bá ẹ látìta, o gbà á wọlé, o sì mọ ohun tó jẹ́.

Inú ọpọlọ gan-an nìyẹn sì ti ń ṣẹlẹ̀. Tí ohùn bá lu awọ etí, eegun kéékèèké 3 á gbé e wọnú lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó wà níbẹ̀ á wá sọ ọ́ di iná tín-ín-rín tó ń gba inú iṣan lọ sọ́pọlọ. Imú náà, bí oríṣi 400 nǹkan tó ń dá òórùn mọ̀ ló wà nínú ẹ̀ (àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Linda Buck àti Richard Axel, gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 2004), iná kan náà ló sì ń sọ ọ́ dà. Etí àti imú kàn ń jíṣẹ́ ni jàre, ọpọlọ ló ń gbọ́.

Dókítà Jámánì kan, Carl Wernicke, kọ̀wé ní 1874 nípa àwọn aláìsàn tí apá kan lọ́pọlọ wọn lápá òsì ti bà jẹ́: etí wọn ò di, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ ketekete, àmọ́ wọn ò gbọ́ ohun tó ò ń sọ. Ẹ wo bí gbọ́ ṣe pín sí méjì níbẹ̀!

Òórùn tún ní ọ̀nà ẹ̀bùrú tiẹ̀. Ohun tójú rí àtohun tétí gbọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró níbì kan láàárín ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní thalamus, òórùn ò dúró, tààrà ló ń lọ síbi tí ìrántí àti ìmọ̀lára wà, ìyẹn ni òórùn àdí ṣe lè gbé ẹ padà sígbà tó o wà lọ́mọdé kó o tó mọ̀ pé àdí ló ń run.

Àwa nìkan sì kọ́. "Ji" tí Haúsá fi ń gbọ́rọ̀ náà ni wọ́n fi ń gbóòórùn, Ígbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sọ Pidgin ní "I dey hear smell". Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni ti ahọ́n, torí ọbẹ̀ kì í ṣe gbígbọ́, a ní kéèyàn tọ́ ọ wò, bí ẹni pé ojú ló wà lẹ́nu.