Kí egungun itan tó kán ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin sí i

Ẹ kú aájò Màmá. Ẹ sọ pé dókítà fẹ́ fi irin sínú egungun itan wọn nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú ti dé ibẹ̀, àmọ́ àwọn ẹbí ń bi yín pé ẹsẹ̀ tí kò tíì kán, kí ni wọ́n fẹ́ là á fún. Tèmi ni pé kí ẹ gbà. Ìyàwó mi, tó ń ta àdìrẹ níhìn-ín ní Òṣogbo, ti gba ọ̀nà méjèèjì kọjá: itan ọ̀tún rẹ̀ kán kí a tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló wà nínú egungun rẹ̀, ti òsì sì gba irin kó tó kán.

Ilé ìwòsàn kan ti ń fún un ní oògùn làkúrègbé tipẹ́ láìya fọ́tò egungun kankan. Bó bá jókòó, ara á tù ú. Bó bá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, á di etí ibùsùn mú, á pa ojú dé. Irú ìrora yìí, tó ń dé nígbà tí ara bá wúwo lé ẹsẹ̀, ni àwọn dókítà egungun ń bẹ̀rù jù. Kò ṣubú lọ́jọ́ tó kán. Ó kàn yí padà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ni. Egungun ọ̀hún ti dà bí iṣu tí kòkòrò jẹ inú rẹ̀ tán, tí èèpo rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Lẹ́yìn náà ni ìrora ńlá, gbígba ẹ̀jẹ̀, ìdádúró kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ), àti ìdùbúlẹ̀ tí kò tán bọ̀rọ̀.

Wọn kò la ti òsì gbọọrọ. Ojú abẹ kékeré ni wọ́n dá sí òkè itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ibẹ̀ ni wọ́n gbà ki ọ̀pá irin gígùn bọ inú ihò mùdùnmúdùn, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ X-ray wo ibi tó ń gbà, kí wọ́n tó fi skúrù dè é lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀pá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, kí apá ibòmíràn lára egungun kan náà má baà kán lẹ́yìn ọ̀la. Kò pẹ́ tó fi ń tẹ̀ ẹ́. (Bó bá jẹ́ egungun ẹ̀yìn ni, sìmẹ́ńtì egungun ni wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fún sínú rẹ̀ nígbà mìíràn.)

Kì í ṣe gbogbo àmì orí fọ́tò ló ń gba abẹ. Ìwọ̀n tí dókítà Mirels gbé jáde ní 1989 ń wo ibi tí àrùn wà, bí ìrora ṣe rí, bóyá egungun ń jẹrà tàbí ó ń le sí i, àti bí ibi tó bàjẹ́ ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 1 sí 3. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó 9, kí wọ́n fi irin sí i. 8 gba ìrònú. 7 sísàlẹ̀, ìtànṣán, ìyẹn iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ béèrè iye ti Màmá, kí ẹ sì sọ ọ́ sétí àwọn ẹbí.

Títí di ọjọ́ abẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ má sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Irin kì í pa jẹjẹrẹ, nítorí náà wọ́n ṣì máa gba ìtànṣán nígbà tí ojú abẹ bá jinná; Ìbàdàn ni àwa ti gbà á. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ zoledronic acid tó ń mú egungun le, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín wo ẹnu wọn, torí pé yíyọ eyín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń gbà á lè ba egungun àgbọ̀n jẹ́.